Ta ni yóò kọ́kọ́ fura pé ìrántí Màmá ti ń lọ?

Nọ́ọ̀sì Abúlé béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí nílé. Òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ni mí ní ìgbèríko, irú èyí tí ìjọba ń pè ní CHEW, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni gbogbo abúlé ń pè mí, tí mo sì ti ń jẹ́ orúkọ náà tipẹ́.

Màmá kan wà tí ó ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa fún ọdún méjì gbáko. Bí ó bá ti wọlé, yóò kí mi, yóò béèrè ọkọ àti ọmọ, yóò ṣàdúrà fún mi títí àwọn tó jókòó yóò fi máa ṣe àmín. Mo máa ń wọn ìfúnpá rẹ̀, mo sì máa ń bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé?" Yóò ní, "Mò ń lò ó, ọmọ mi, ìwọ náà á rí ẹni tọ́jú rẹ." Síbẹ̀ ìfúnpá náà kò wálẹ̀, mo sì ń fi oògùn kún oògùn. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ bá a gbé báàgì wá, bí wọ́n sì ti ń wá káàdì, ọmọ náà da báàgì ọ̀hún sórí bẹ́ńṣì. Páálí oògùn mọ́kànlá ni mo kà, a kò tú ọ̀kankan nínú wọn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ "ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́" sí wọn lára. Màmá wò wọ́n bí ẹni tí ń wo ẹrù ẹlòmíràn, ó ní, "Ta ló kó ìwọ̀nyí síbí?" Ìgbà yẹn ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ó ti tó ọdún kan tí Màmá ti ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ó ti ṣìnà rí lójú ọ̀nà ọjà tí ó ti ń ná láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó.

Ó kéré tán, mo ti rí Màmá yìí nígbà ogún kí ó tó dọjọ́ náà. Ohun tí mo rí i kà sí ẹ̀bi mi ni pé n kò bi í ní ohunkóhun tí ìkíni àti àdúrà kò lè dáhùn.

Ìbéèrè mi nìyí. Kí ni a lè bi àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́jọ́ tí àwọn abiyamọ ogójì ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí a lè tètè fura? Kí ni a lè lò fún ẹni tí kò fojú kan ilé ìwé rí? Bí a bá sì fura, irú ọ̀rọ̀ wo ni a óò sọ fún ẹbí, nígbà tí ó jẹ́ pé "ó ń ṣarán" ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, èébú sì ni?

Dókítà Ìdílé, Ìbàdàn, dáhùn pé:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àkíyèsí. Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi jù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ń ṣẹlẹ̀ sí àwa tí a wà ní ọsibítù ńlá pẹ̀lú. Àdúrà àti ìkíni tí ènìyàn ti ń ṣe fún àádọ́rin ọdún kì í tètè bá ìrántí lọ, nítorí náà ẹni tí kò rántí ohun tí ó jẹ láàárọ̀ ṣì lè kí yín tẹbí tará, kí ẹ má sì fura rárá.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì kò jìnnà sílé. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Baiyewu, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn Hugh Hendrie láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó ọdún 65 sọ̀rọ̀. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1995 fi hàn pé nǹkan bí 2.3 nínú àgbàlagbà 100 ni ó ní dẹmẹ́ńṣíà, àìsàn tí ń ba ìrántí àti òye jẹ́, níbẹ̀, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis jẹ́ 8.2 bí a bá ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn. Nígbà tó di 2001, wọ́n ka àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dọọdún: 1.35 nínú 100 lọ́dọ̀ wa, 3.24 lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka iye arúgbó tó wà ní àdúgbò rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni ó ṣe pàtàkì sí èmi àti ẹ̀yin ju iye wọn lọ. Ìbéèrè tí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń pè ní CSI-D, ti kọ́kọ́ jẹ́ lílò láàárín àwọn ará Cree, ọmọ onílẹ̀ ní Kánádà, tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọn náà kò kàwé, ó sì pín sí ọ̀nà méjì: apá kan fún àgbàlagbà fúnra rẹ̀, apá kejì fún ẹni tí ó ń bá a gbé. Nígbà tó yá, Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé bí a bá ní kí ẹni tí kò di pẹ́ńsù mú rí ya àwòrán, pẹ́ńsù ni à ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ. Wọ́n wá lo igi ìṣáná mẹ́rin. Olùyẹ̀wò yóò to igi náà lọ́nà kan, yóò sì ní kí àgbàlagbà to tirẹ̀ bákan náà. Kò sí ìyá kan ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ igi ìṣáná.

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún yín, CSI-D kékeré kan wà tí ẹ lè há sórí. Ẹ fọwọ́ kan igúnpá yín, kí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí a ń fi òòlù ṣe. Ẹ béèrè ibi tí ọjà wà. Ọjọ́ wo ni òní? Ṣé ìgbà òjò ni a wà ni àbí ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ nawọ́ sí fèrèsé, kí ó tó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí, ibẹ̀ ni àwọn púpọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Mo máa ń ṣe é bí eré, mo sì máa ń kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, nítorí kò bọ́ sí i kí ọmọdé déédéé máa bi àgbà léèrè ohun tí a ń fi òòlù ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó mú un wá lọ láìdáhùn. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ má fi ti ẹlòmíràn wé Màmá, ti Màmá fúnra rẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ni kí ẹ fi wé e. Ṣé ó ń tún ìtàn kan náà sọ lọ́jọ́ kan náà? Ṣé ó ń gbàgbé ibi tó kó owó sí, tó wá ń fẹ̀sùn olè kan ará ilé? Ibì kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi. Ìwé òyìnbó yóò ní kí a béèrè bóyá ó ṣì ń se oúnjẹ, bóyá ó ń ná owó fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ilé ló ń dáná, ọmọ ló ń ra nǹkan, wọ́n sì kà á sí àpọ́nlé pé Màmá kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àpọ́nlé náà lè bo àìsàn mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ẹ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ni, àbí wọn kò lè ṣe é mọ́?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn èyí.

Ní ti orúkọ, "àìsàn ìrántí" ni mo máa ń pè é. Arúgbó púpọ̀ ń gbàgbé nǹkan díẹ̀ tí wọ́n sì ń rántí rẹ̀ nígbà tó yá, a kò ní sọ pé wọ́n ń ṣàìsàn. Àmọ́ ẹni tó ṣìnà ní àdúgbò ara rẹ̀ ti kọjá ohun tí ọjọ́ ogbó nìkan ń fà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, London, dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ òkèèrè kún un, nítorí àwọn kan rò pé níbi tí dókítà pọ̀ sí, a kì í pẹ́ kí a tó rí i.

Aṣọ ni ìyá mi tà ní Dùgbẹ̀ kí n tó mú wọn wá síbí. Nígbà tí mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi wọ́n ní ọdún tí a wà, ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà láti ogún padà sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ka oṣù láti December padà sí January, ó sì ka orúkọ ọkùnrin òyìnbó kan àti àdírẹ́sì rẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n fi sọ́kàn. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ìyá mi kò ka oṣù òyìnbó síwájú rí, ká má tíì sọ pé sẹ́yìn. Ọjọ́ ọjà àti oṣù ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọdún. Ibi tí mo sì ti ṣẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá dáhùn ohun tí kò jọra, èmi máa ń tún un ṣe kí n tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ojú ń tì mí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdáhùn wọn burú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ti èdè, a sì padà sílé. Ó gba oṣù mẹ́rìnlá kí ẹnikẹ́ni tó tún béèrè.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn tí ó kan ohun tí ìyá mi mọ̀ jù láyé, ìyẹn ìṣirò owó. Ẹni tí ó lè sọ iye ọ̀pá mẹ́tàdínlógún láìfi ọwọ́ kan bírò, ọjọ́ kan ni wọ́n fún ọmọ tó ń ta búrẹ́dì ní ogún pọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì jáde láìdúró gba ṣéńjì. Èmi rò pé ìkánjú ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹja lówó náírà, ní iye tí ẹja ń jẹ́ nígbà tí mo wà ní pámárì. Bí ẹnìkan bá ti bi mí pé, "Kí ni iṣẹ́ ìyá rẹ, ṣé wọ́n ṣì mọ ìdí rẹ̀?" mo gbà pé à bá ti rí i ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí àgbàlagbà náà ṣe, kí ẹ tó béèrè oṣù. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ ìyá rẹ̀.

Tíṣà Àná dáhùn pé:

Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 71 ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi ni ẹ ń sọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí kò dùn mọ́ni. Bí ẹ bá rí i ní kíákíá, kí ni ẹ óò ṣe sí i? Oògùn tí yóò wò ó sàn kò sí. Ohun tí ẹ óò fún ènìyàn ni orúkọ, orúkọ náà yóò sì ti ilé ìwòsàn dé ọjà kí ẹni ọ̀hún tó délé. Ẹ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin arúgbó tí wọ́n bá bá ní àgbàlá onílé lóru, tí kò lè sọ bí ó ṣe débẹ̀. Wọn kì í pe dókítà. Wọ́n á ní ẹyẹ ló já lulẹ̀ tó di ènìyàn. N kò lòdì sí ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹni tí ẹ óò lẹ nǹkan mọ́ lára.

Apòògùn Ọ̀nà Ọjà dáhùn pé:

Bàbá Tíṣà, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Kí Dókítà tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo ń rí ní ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́: kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni dẹmẹ́ńṣíà, oògùn wà lára ohun tí ń fà á. Piriton tí àwọn àgbà ń lò lálaalẹ́ nítorí ara yíyún tàbí kí wọ́n lè sùn, amitriptyline tí wọ́n kọ fún ìrora ẹsẹ̀, Artane, àti Valium tí ẹnìkan rà fún wọn láìní ìwé dókítà, gbogbo wọn lè mú kí orí àgbàlagbà dàrú, kí ẹsẹ̀ wọn sì máa gbọ̀n dé ibi ìṣubú. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn ìrántí, Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn inú ilé wá, àtàgbo. Báàgì tí ọmọ náà dà sórí bẹ́ńṣì yín, ọgbọ́n ni. Ẹ sọ ọ́ di àṣà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ dúró lójijì láìbi í.

Dókítà Ìdílé, Ìbàdàn, tún dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Apòògùn. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wúwo, n kò sì ní fi ẹ̀rín dá a nù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn sọ ní 2020 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti ní kí a máa yẹ gbogbo àgbàlagbà tí kò ní àmì kankan wò fún àìsàn yìí. Mo fara mọ́ ọn. Èmi kò ní kí Nọ́ọ̀sì to gbogbo arúgbó abúlé sórí ìlà. Àwọn tí mo ní kí ó wò ni ẹni tí oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láìnídìí, ẹni tí ó ń ṣi ọjọ́ àdéhùn, ẹni tí ó ń rù láìsí àìsàn mìíràn, àti ẹni tí ará ilé rẹ̀ ní kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ tí ó fi yẹ kí a tètè mọ̀ ni pé a lè bá ohun tó ṣeé wò sàn pàdé. Bí ìdàrúdàpọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó ń wá tó ń lọ, tí àgbàlagbà ń tòògbé lọ́sàn-án tó sì ń bá òfìfo sọ̀rọ̀ lóru, ẹ wá ibà, àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tàbí òùngbẹ, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí ìyẹn kò ṣeé dúró dè. Ẹni tí ó ṣubú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn tó fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra kóra jọ sí abẹ́ agbárí rẹ̀. Ẹ̀yà ara ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, àìtó fítámìnì B12, HIV, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní sífílíìsì tí a kò wò, gbogbo wọn ń ba ìrántí jẹ́. Opó tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ọkàn ló ń ṣe é, oògùn rẹ̀ sì wà. Etí dídi náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò lè dáhùn rẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ dẹmẹ́ńṣíà ní tòótọ́, òtítọ́ ni pé kò sí oògùn tí ń wò ó sàn. Oògùn bíi donepezil ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀ fún sáà kan. Àmọ́ ẹ wo Màmá Nọ́ọ̀sì: páálí mọ́kànlá ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò lò. Bí a bá fi oògùn náà sí ọwọ́ ọmọ ọmọ, a lè dènà rọpárọsẹ̀ tí yóò tún gé ìrántí tó kù lulẹ̀. Ẹni tí a sì tètè mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì lè sọ fúnra rẹ̀ ẹni tí yóò máa bá a gba owó ìfẹ̀yìntì, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ mú un tẹ àtàǹpàkò sí ìwé ilẹ̀. Mo ti rí ìwé ilẹ̀ mẹ́ta báyìí tí a tẹ àtàǹpàkò sí lẹ́yìn tí ìrántí ti lọ, kò sí ọ̀kankan tí kò dé kóòtù.

Ní ti ẹ̀sùn àjẹ́ tí ẹ sọ, ó yẹ kí ojú tì wá. Ẹbí tó bá ti mọ̀ pé àìsàn ni ni yóò lè dúró níwájú ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ẹbí ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe lórí bẹ́ńṣì. Kí ìwé tí ẹ óò kọ sí ọsibítù wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa. Bí wọ́n bá lè dé Ìbàdàn, ẹ̀ka ìwòsàn àwọn àgbàlagbà wà ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì níbẹ̀, láti 2012.

Nọ́ọ̀sì Abúlé padà wá, ó ní:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà wá, nítorí mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ná.

Màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, dókítà sì gbà pé àìsàn ìrántí ni. Ọmọ ọmọ wọn ló ń fún wọn ní oògùn báyìí lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ìfúnpá náà sì ti wálẹ̀ láti 180 sí 142. Mo yọ méjì kúrò nínú oògùn tí mo ti fi kún un tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà, nítorí kò sí àjẹsára lọ́jọ́ náà. Páálí ìṣáná kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bàbá kan tó jẹ́ agbẹ́gilére to igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó mú ọwọ́ mi kúrò, ó wá bi mí bóyá eré ọmọdé ni mo pè é wá ṣe. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, igúnpá, òòlù, ọjà, ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ló ṣẹ́kù, méjì ni ó rántí. Ọmọbìnrin rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn níta pé kò sí ohun tó ṣe Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dìde, Bàbá fúnra rẹ̀ rọra sọ fún mi pé láti ìgbà ìkórè ni nǹkan kan ti ń sá fún òun, pé òun lè mú ọ̀bẹ dání kí òun má mọ ojú tí òun fẹ́ gbẹ́ mọ́.

Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí káàdì bí ó ti sọ ọ́ gan-an, mo sì ní kí ó padà wá ní oṣù mẹ́fà. Dókítà, ṣé oṣù mẹ́fà kò pẹ́ jù?